Ẹjọ́ Èjìká Pẹ́ńtà

Ẹjọ́ tó wọ ààfin lánàá, èjìká ló gbé e wá. Ìyàwó pẹ́ńtà ló pe ọkọ rẹ̀ lẹ́jọ́. Ọ̀dà funfun ṣì wà nímú rẹ̀ nígbà tó kúnlẹ̀ níwájú Baálẹ̀.

"Bàbá, ẹ gbà mí. Iṣan èjìká ọ̀tún ọkọ mi ya níbi tó ti ń kun àjà ilé. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n ní kò já tán, kò gba ọ̀bẹ. Wọ́n ní kó lọ gba abẹ́rẹ́. Ó lọ. Láti ìgbà náà, kò gbé búrọ́ọ̀ṣì mọ́. Èmi ni mò ń gun àkàbà! Èmi ni mò ń kun àjà onílé! Èjìká ẹ̀ ti san, Bàbá, ọ̀lẹ ló ń ṣe é."

"Kò san!" ni pẹ́ńtà pariwo. "Tí mo bá fẹ́ ya irun, orí ni mo máa ń gbé wá bá ọwọ́."

Baálẹ̀ ní kó gbé ọwọ́ ọ̀tún sókè. Ó gbé e dé àyà, ojú rẹ̀ fún pọ̀, ó yára sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Èmi tí mo jókòó síbẹ̀, mo ti rí ọ̀lẹ rí. Òógùn kì í bo imú ọ̀lẹ bẹ́ẹ̀.

Wọ́n pe dókítà tó fún un lábẹ́rẹ́.

"Bàbá, a fa ẹ̀jẹ̀ ẹ̀, a fi ẹ̀rọ yí i, a mú ibi tó ń ran ara lọ́wọ́ láti tún ara ṣe, a sì gún un padà sí èjìká. Kì í ṣe gbogbo èjìká ló ń gbà á o, ṣùgbọ́n tiẹ̀ gbà á. Mo fún un ní rọ́bà tí yóò máa fà kí ọwọ́ lè lágbára. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó na ọwọ́ sókè níwájú mi, ó kan fáànù!"

"Fáànù wo?" ni Ọ̀tún, igbákejì Baálẹ̀, bi í. "Ẹni tí kò lè kan etí ara ẹ̀?"

"Ṣé irọ́ ni mò ń pa ni?"

Wọ́n bá pe télọ̀, àbúrò pẹ́ńtà tó jọ ọ́ gan-an, tó sọ pé òun sìn ín lọ.

"Ojú mi ló ṣe, Bàbá. Abẹ́rẹ́ wọ ẹ̀gbọ́n mi léjìká, wọn ò tiẹ̀ ṣẹ́jú."

"Níbo lo jókòó sí?" ni Baálẹ̀ bi í.

"Ìta."

"Báwo lo ṣe wá rí i?"

"Mo… mo wà nínú yàrá."

"Ṣé ó dùn ún?"

"Ó dùn mí gan-an ni, Bàbá!"

Dókítà yọ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún un wọ̀, ó tẹjú mọ́ télọ̀.

"Bàbá, ẹni tí mo gún nìyí!"

Ìyàwó pẹ́ńtà káwọ́ lérí. "Ọkọ mi kékeré, ẹ̀yin kẹ̀?"

"Ẹ̀gbọ́n mi ló rán mi," ni télọ̀ wí. "Ta ni mí tí mo fi máa kọ̀?"

Ojú ò tiẹ̀ ti pẹ́ńtà rárá.

"Bàbá, àtikékeré ni ẹ̀rù abẹ́rẹ́ ti ń bà mí. Àbúrò mi yìí ló ń lọ sípàdé ẹbí fún mi. Òun ló lọ nígbà tí wọ́n ránṣẹ́ pe òbí nílé ìwé ọmọ mi. Kò sẹ́ni tó dá a padà rí. Ìyá kan ló bí wa, ọmú kan la mu, ẹ̀jẹ̀ kan náà ni. Mo ní tó bá ṣiṣẹ́ lára ẹ̀, yóò kàn mí. Mo ṣì ń retí ẹ̀!"

Ọ̀tún rẹ́rìn-ín títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ já bọ́ lórí àga.

Baálẹ̀ kọjú sí dókítà. "O ò rí i pé nǹkan kan ò ṣe èjìká yìí?"

"Mo fi ẹ̀rọ wò ó, Bàbá. Mo rí i pé ó dára. Mo ní a kú oríire, ara ti tún ara ẹ̀ ṣe kí n tó dé."

"O wá gún un síbẹ̀?"

"Abẹ́rẹ́ ti wà lọ́wọ́ mi."

"Tí ọkọ mi ò bá wá gbà á ńkọ́?" ni ìyàwó bi dókítà.

Ẹ̀rín kúrò lójú dókítà. "Tó bá ń falẹ̀ báyìí, ibi tó ya díẹ̀ yẹn lè já pátápátá. Ọ̀bẹ ló kù nìyẹn."

Obìnrin náà bú sẹ́kún. "Bàbá, ọwọ́ yẹn ló ń bọ́ wa. Mo pè é lọ́lẹ, mi ò mọ̀ pé ìrora ń jẹ ẹ́. Ẹ bá mi mú un lọ." Àánú rẹ̀ ṣe mí.

Baálẹ̀ wúkọ́, ó dájọ́.

"Dókítà, láti òní, kí o tó gún ẹnikẹ́ni, béèrè ibi tó ń dùn ún, kí o sì béèrè ẹni tó rán an wá.

"Télọ̀, èjìká pẹ́ńtà ni wọ́n tọ́jú sí ọ lára, iṣẹ́ pẹ́ńtà ni yóò ṣe. Gba àkàbà lọ́wọ́ ìyàwó yín, kí o máa kun àjà títí ọwọ́ ẹ̀gbọ́n ẹ yóò fi san.

"Pẹ́ńtà, oúnjẹ àárọ̀, ti ọ̀sán, ti alẹ́, àbúrò ẹ ni yóò máa jẹ ẹ́ dípò ẹ. Ìwọ jókòó tì í, kí o máa wò ó. Ṣebí ẹ̀jẹ̀ kan náà ni yín? Tó bá yó, ìwọ náà á yó."

"Bàbá, àti ẹran?"

"Pàápàá ẹran."

"Títí dìgbà wo?"

"Títí abẹ́rẹ́ yóò fi wọ èjìká tó ń dùn."

Télọ̀ ti yíjú sí ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀. "Ìyàwó wa, kí lo sè sílé?"

Kí obìnrin náà tó dáhùn, pẹ́ńtà ti ká apá aṣọ, ó di ojú méjèèjì, ó na apá òsì sí dókítà. "Ẹ fà á! Ẹ fa ẹ̀jẹ̀ náà kíákíá!"

Dókítà ò tíì fọwọ́ kan án tó ti ń ké yéè.