Ásíìdì Inú Ìgò Ìyàwó Mi

Bí mo bá tiẹ̀ gbàgbé orúkọ ara mi, ọjọ́ kan wà tí kò ní kúrò lọ́kàn mi. Iṣẹ́ bátìrì mọ́tò ni mò ń ṣe ní Okokomaiko. Kò sí ṣòkòtò mi kan tí ásíìdì ò tíì dá ihò sí, nítorí náà, ta ló fẹ́ kọ́ mi ní ásíìdì?

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, ìyàwó mi ń múra àtilọ ṣe íńtáfíù olùkọ́ ní iléèwé kan ní Igbó-Elérin. Odindi ọdún méjì ló ti fi wá iṣẹ́. Ó jókòó síwájú dígí, ó ń fi nǹkan kan tó dà bí omi pa ojú. Mo gbé ìgò rẹ̀ wò. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ gùn ju ẹnu mi lọ, mo fò ó. Èkejì ni mo kà: ásíìdì!

Mi ò bèèrè nǹkan kan. Garawa omi tó wà lẹ́nu ọ̀nà ni mo gbé, mo sì dà á lé e lórí, àti irun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dì, àti búláòsì funfun.

"Daddy Tọ́lá! Kí ni mo fi ṣe yín?"

"Má fọwọ́ kàn án! Awọ ojú ẹ máa bó!"

Mo fà á lọ́wọ́, omi ń kán tótó lára rẹ̀, ó di ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì tó ni kẹ́míìsì iwájú ilé wa. Nọ́ọ̀sì wo ìgò, ó wò mí, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Daddy Tọ́lá, ásíìdì yìí kì í ṣe ti bátìrì o. Ó wà lára ẹ̀yin náà, nínú oríkèé yín. Irú ẹ̀ làwọn dókítà máa ń gún sí orúnkún àgbàlagbà tó bá ń ro wọ́n. Tojú yìí, omi ló ń fà mọ́ awọ. Ojú tí omi ṣì wà lára rẹ̀ ni wọ́n tiẹ̀ ń fi í pa."

Mo kọjú sí ìyàwó mi. "Ṣé o rí i? Mo mọ ohun tí mò ń ṣe."

Kò rẹ́rìn-ín. Omijé ló ń bọ́ lójú rẹ̀, ìtìjú sì bò mí, nítorí iṣẹ́ tó ti ń retí láti ọjọ́ yìí ni mo fẹ́ bà jẹ́. Kẹ̀kẹ́ Marúwá la wọ̀ dé iléèwé náà, èmi fúnra mi ni mo sì fẹnu ara mi rojọ́ fún màmá tó ni ín. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi di ìhà mú, wọ́n wá bi ìyàwó mi ní ìbéèrè tòun ti aṣọ tútù. Ó ríṣẹ́ náà gbà.

Wọ́n ní abèèrè kì í ṣìnà. Èmi tí mi ò bèèrè ńkọ́? Ìtàn náà ti tàn ká iléèwé náà. Báwọn ọmọ ibẹ̀ bá rí mi ní títì báyìí, wọ́n á dọ̀bálẹ̀: "Ẹ káàárọ̀, Daddy Ásíìdì!" Mo máa ń dáhùn. Mo tún máa ń bá wọn rẹ́rìn-ín, kí ni mo fẹ́ ṣe?