Ọjọ́ Tí Mo Jọ̀wọ́ Okùn Fíríìjì

Bí mo bá dàgbà débi tí n kò rántí orúkọ ara mi mọ́, màá ṣì rántí àárọ̀ Sátidé kan ní Ìbà. Kì í ṣe pé ó wù mí láti máa rántí rẹ̀ o. Àwọn àna mi ni kò jẹ́ kí n gbàgbé. Bí a bá ti kóra jọ, tí oúnjẹ ti wọ ikùn wọn dáadáa, ẹnì kan á ṣáà wò mí, á rẹ́rìn-ín músẹ́, á ní, “Ẹ jẹ́ kó sọ ti fíríìjì.” Ó ti sú mi láti máa fi ẹnu sọ ọ́. Ìdí nìyí tí mo fi kọ ọ́ sílẹ̀, kí wọ́n máa kà á fúnra wọn.

Iṣẹ́ ẹrù kíkó ni mo ń ṣe ní Ọ̀jọ́. Àwọn àpótí ńláńlá tó ń ti òkè òkun bọ̀ ni èmi àti Máútìn, ọ̀rẹ́ mi tó jẹ́ ọmọ Ègùn, máa ń lọ gbà ní yáàdì tí wọ́n ń já wọn sí, tí a ó sì gbé wọn dé ilé oníbàárà. Nígbà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ńṣe ni à ń wọ́ àpótí nílẹ̀. Ìdí rẹ̀ á ya, omi ojú ọ̀nà á wọ inú rẹ̀, oníbàárà á sì bú wa dé ọ̀dọ̀ àwọn òbí wa. Nígbà tó yá ni mo ronú kan bàtà tí àpótí lè wọ̀. Mo wá igi gígùn méjì tó le, mo fá wọn títí wọ́n fi dán, mo rẹ́ ike lára dúrọ́ọ̀mù búlúù kan tó ti fọ́, mo sì kàn án mọ́ wọn lábẹ́. Àpótí á jókòó sórí igi méjèèjì, a ó fi bẹ́líìtì dè é mọ́ wọn pinpin, ìdí rẹ̀ kò ní kan ilẹ̀ mọ́, á sì máa yọ̀ lọ bí a bá ti ń fà á. Bí a bá délé oníbàárà, a ó bọ́ bàtà lẹ́sẹ̀ àpótí, ó di ọ̀dọ̀ àpótí mìíràn. Bàtà kan ṣoṣo yẹn ti gbé tẹlifíṣọ̀n, ó ti gbé jẹnẹrétọ̀, ó ti gbé àga onírun ìyàwó tuntun dé Okokomáíkò láìsí ìfarapa. Mo máa ń fọ̀ ọ́ ju bí mo ṣe ń fọ bàtà tèmi lọ.

Máútìn ló máa ń wà níwájú, tí á máa darí àpótí. Èmi tí mo sanra ni mo máa ń di okùn ẹ̀yìn mú, pàápàá bí a bá ń sọ̀ kalẹ̀, kí ẹrù má baà sáré. Ẹni tó bá di okùn ẹ̀yìn mú kò ní iṣẹ́ mìíràn ju pé kó dì í mú lọ. Èmi gan-an ni mo fi èyí kọ́ Máútìn.

Ní gbogbo àsìkò yẹn, èmi àti Àbíkẹ́ ti ń fẹ́ra. Ọmọ onílé ni, wọ́n bí bàbá rẹ̀ sí Ìbà, ilé wọn sì kún fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń háyà yàrá. Ìyá rẹ̀ fẹ́ràn mi. Bàbá rẹ̀, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Alájì, ni ọ̀rọ̀ wà lọ́dọ̀ wọn. Ọjọ́ tí a kọ́kọ́ pàdé, sìlíńdà gáàsì Ìyá wà léjìká mi, mo ń bá wọn gbé e wọlé. Àfi bí Alájì ṣe yọ sí mi lójijì. Mo tẹ̀ díẹ̀, mo ní, “Ẹ káàsán, sà.”

Wọ́n wò mí látòkè délẹ̀. Wọ́n ní, “Ọmọ Èkìtì, ṣé ẹ̀yìn ń dùn ẹ́ ni?”

Mo ní, “Rárá, sà.”

“Mo ní kí n béèrè ni,” ni wọ́n sọ, wọ́n sì bá tiwọn lọ.

Lọ́jọ́ náà gan-an ni wọ́n sọ fún Àbíkẹ́ pé àwọn kò lè fa ọmọ àwọn lé ẹni tó ń kí àgbà bí òpó iná lọ́wọ́. Nígbà tí àwọn ará ilé mi ránṣẹ́ pé àwọn fẹ́ wá mọ àwọn àna, Alájì ní kí wọ́n ṣì sinmi, àwọn ṣì ń wo ọmọ náà ná. Àbíkẹ́ pè mí sí kọ̀rọ̀. Ó ní, “Jọ̀ọ́, nígbà mìíràn tó o bá rí bàbá mi, má rò ó rárá. Kí àyà ẹ ṣáà ti kan ilẹ̀.” Mo gbọ́ràn. Mo ń dọ̀bálẹ̀ nínú yàrá mi fún kọ́bọ́ọ̀dù, mo ń dìde, mo tún ń dọ̀bálẹ̀, títí tí kọ́bọ́ọ̀dù fi fẹ́rẹ̀ẹ́ máa dá mi lóhùn.

Àsìkò yẹn ni ẹ̀gbọ́n Àbíkẹ́ tó wà lókè òkun fi fíríìjì ránṣẹ́ sí Ìyá. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó jẹ́ fún wọn. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ni Ìyá ti ń ta omi inú ọ̀rá àti sobo tútù fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Fíríìjì wọn àtijọ́ ti kú. Yìnyín ni wọ́n ń rà sínú abọ́, kó sì tó di ọ̀sán, yìnyín ti di omi gbígbóná, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti gba ilé ẹlòmíràn lọ. Ọjà náà ti ń kú mọ́ Ìyá lọ́wọ́, ó sì ń dùn wọ́n. Mo ní kò sí ẹlòmíràn tí yóò fọwọ́ kan àpótí yẹn àfi èmi.

Fíríìjì náà ga jù mí lọ, gíláàsì sì ni gbogbo ilẹ̀kùn rẹ̀. Ìdúró ni wọ́n ń gbé e, kò ṣeé dùbúlẹ̀. Mo gé fóòmù ibùsùn mi àtijọ́, mo fi ká gbogbo igun rẹ̀, mo fi páálí bò ó, mo fi bùláńkẹ́ẹ̀tì wé e, mo wá gbé e wọ bàtà, mo sì dè é mọ́ ọn bí ẹni di ọmọ sẹ́yìn. Inú mi dùn sí iṣẹ́ ọwọ́ ara mi.

Nígbà tí a dé Ìbà, ọkọ̀ kò lè wọ àdúgbò, torí wọ́n ti gbẹ́ gọ́tà gba ẹnu ọ̀nà kọjá. A já àpótí sílẹ̀ ní oríta, a gbé e rékọjá pákó tí wọ́n tẹ́ sórí gọ́tà, a sì bẹ̀rẹ̀ sí í fà á lórí yanrìn. Ó ń yọ̀ lọ wẹ́rẹ́. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ jáde wá wò ó. Ọ̀kan ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin lẹ ronú kan nǹkan yìí?” Ṣé ẹ rí ìbéèrè yẹn, òun ló bà mí jẹ́. Mo dá àpótí dúró sí àárín ọ̀nà, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé ike àti igi fún wọn bí olùkọ́ yunifásítì. Máútìn ní, “Olúwa mi, oòrùn ń pa mí.” Mi ò dá a lóhùn.

A dé ẹnu géètì. Bí mo ṣe ń fẹ̀yìn gba ẹ̀gbẹ́ àpótí kọjá kí n lè ráyè di okùn mú, ìṣó kan lára géètì so mọ́ ṣòkòtò mi nídìí. Mo fà á. Ó ya láti ìgbànú títí fẹ́rẹ̀ẹ́ dé orúnkún. Máútìn rẹ́rìn-ín títí ó fi di géètì mú kó má baà ṣubú. Mo ní kó yéé ṣe ọmọdé. Lọ́kàn mi, mo pinnu pé ìdúró gangan ni n ó wà títí Àbíkẹ́ yóò fi wá aṣọ fún mi, n kò ní bẹ̀rẹ̀ fún ohunkóhun.

Ẹni tó bá mọ Ìbà á mọ̀ pé bí wọ́n ṣe ń gbé títì sókè ni àwọn ilé àtijọ́ ń kù sísàlẹ̀. Bí ilé Alájì náà ṣe rí nìyẹn. Wọ́n wá fi sìmẹ́ǹtì ṣe gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan láti ẹnu géètì lọ tààrà sí ẹnu ilẹ̀kùn ọ̀dẹ̀dẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, Ìyá ti fi ọṣẹ fọ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ yìí láti òkè dé ìsàlẹ̀, kí fíríìjì tuntun lè gba ibi tó mọ́ wọlé. Inú rere ni. Ṣùgbọ́n ike dúrọ́ọ̀mù lórí sìmẹ́ǹtì ọlọ́ṣẹ, ẹ fojú inú wò ó fúnra yín.

Mo fi ọwọ́ méjèèjì di okùn mú, mo ti gìgísẹ̀ mọ́lẹ̀. Máútìn wà níwájú, ó ń darí rẹ̀. Àpótí ń sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, pẹ̀lú ìtẹríba. Àbíkẹ́ ń gbé okùn tí wọ́n sá aṣọ sí sókè kó má baà kọ́ ọ. Ìyá ti wọ inú ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ láti palẹ̀ mọ́. A kò tíì dé àárín nígbà tí mo gbọ́ ohùn kan lẹ́yìn mi.

“Ẹ kú iṣẹ́ o.”

Mo yíjú. Alájì ni, nínú aṣọ funfun, wọ́n ń ti ibi ìsọmọlórúkọ bọ̀, wọ́n dúró ní ẹnu géètì, ojú wọn sì wà lára mi.

Mo fẹ́ kí ẹ gbà mí gbọ́, n kò ronú. Ara mi ló bá mi ronú. Gbogbo ẹ̀kọ́ tí mo ti kọ́ níwájú kọ́bọ́ọ̀dù jí sí mi lára lẹ́ẹ̀kan náà. Ọwọ́ mi méjèèjì là, mo kọjú sí Alájì, àyà mi sì kan ilẹ̀ gbà.

“Ẹ káàárọ̀, sà.”

Ìdọ̀bálẹ̀ náà dára. Mo ṣì ń yin ara mi nínú pé kò lábùkù nígbà tí mo gbọ́ tí Máútìn sọ nǹkan kan ní èdè Ègùn. N kò gbọ́ Ègùn, ṣùgbọ́n ó yé mi.

Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ ìró ike lórí sìmẹ́ǹtì, ṣììì, tó ń jìnnà sí mi. Mo gbọ́ tí Máútìn fò sínú ewébẹ̀ Ìyá. Mo gbọ́ tí Àbíkẹ́ pe gbogbo orúkọ tí wọ́n fún mi nílé pátápátá. Mo fẹ́ dìde, ṣùgbọ́n ọṣẹ wà lábẹ́ èmi náà. Ṣe ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀ lọ sísàlẹ̀, ẹsẹ̀ mi ló ṣíwájú, ojú mi ṣì wà lára Alájì, ìdọ̀bálẹ̀ mi kò sì yí padà. Alájì ń kéré sí i lójú mi. Ìdí ṣòkòtò mi tó ya sì kọjú sí gbogbo ilé.

Ohun kan dún gbàmù. Mo dúró.

Nígbà tí mo bojú wẹ̀yìn, àpótí wà lóòró, ó há sí ẹnu ilẹ̀kùn ọ̀dẹ̀dẹ̀ gbágbáágbá. Ó ti já okùn aṣọ kọjá, jalàbíà funfun Alájì sì ti wọ̀ ọ́ lọ́rùn, ó bá a mu dáadáa. Láti inú òkùnkùn ẹ̀yìn àpótí ni a ti gbọ́ ohùn Ìyá.

“Ṣé wọ́n ti mú iná lọ ni?”

Àbíkẹ́ ju ìborùn rẹ̀ sí mi. Alájì fọwọ́ ti ògiri sọ̀ kalẹ̀ jẹ́jẹ́, wọ́n wo àpótí tó wọ jalàbíà wọn, wọ́n wo èmi náà nílẹ̀. Wọ́n gba ẹ̀yìnkùlé wọlé. Mo ní, “Àbíkẹ́, ó ti tán.” Ojú mi sì ti ń kún fún omi, mi ò ní purọ́ fún yín. Bí gíláàsì yẹn bá ti fọ́, ọjà Ìyá ti kú nìyẹn, èmi àti Àbíkẹ́ náà sì ti parí.

Èmi àti Máútìn fa àpótí kúrò lẹ́nu ilẹ̀kùn. Ọ̀kan lára igi bàtà ti fọ́ ní imú, òun ló kọ́kọ́ gbá ògiri. Mo tú bẹ́líìtì, mo wá fi ọwọ́ lé bùláńkẹ́ẹ̀tì láìbọ́ ọ. Ìyá dúró tì mí. Wọn kò bú mi. Wọ́n ní, “Ṣí i, ọmọ mi. Bó ti wù kó rí, a ó jọ rí i ni.” Mo bọ́ bùláńkẹ́ẹ̀tì, mo ya páálí, mo ṣí fóòmù igun kọ̀ọ̀kan. Gíláàsì ń dán, kò tilẹ̀ ha. Ìyá fi etí ìró wọn nù ún díẹ̀, bí ẹni nu ojú ọmọ, wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Èmi jókòó sílẹ̀ gbẹ̀ẹ́.

Kò pẹ́ ni Alájì ní kí wọ́n pè mí. Mo wọlé pẹ̀lú ìborùn Àbíkẹ́ nídìí mi. Mo fẹ́ dọ̀bálẹ̀, wọ́n sáré na ọwọ́ sí mi. “Dúró bẹ́ẹ̀. Kí ló dé tó o fi ju okùn sílẹ̀?”

“Ẹ̀yin ni mo rí, sà.”

“Èmi? Mo lé ẹ ni?”

“Rárá, sà. Ẹ bi mí nígbà kan pé ṣé ẹ̀yìn ń dùn mí. Mi ò fẹ́ kẹ́ ẹ tún bi mí.”

Wọ́n ń wo ilẹ̀. “Ọjọ́ yẹn,” ni wọ́n sọ níkẹyìn, “nǹkan wà léjìká ẹ, àbí?”

“Sìlíńdà gáàsì Ìyá ni, sà.”

“Gáàsì tí wọ́n fi se oúnjẹ tí mo jẹ lọ́jọ́ náà.” Wọ́n mi orí. “Èmi ni mi ò wò ó dáadáa. Wò ó, bí nǹkan bá wà lọ́wọ́ ẹ, ẹnu ni kó o fi kí mi. Mo ti gbà. Má fi ìkíni pa wá nílé yìí.” Mo rí i tí ẹ̀rín ń yọ ní ẹ̀gbẹ́ ẹnu wọn. Wọ́n gbé ojú kúrò kí n má baà rí i, wọ́n wá ní, “Sọ fáwọn ará ilé ẹ pé kí wọ́n máa bọ̀.”

Láti ìgbà yẹn, mo ti kọ́gbọ́n. Bí a bá fẹ́ sọ ẹrù kalẹ̀, n ó kọ́kọ́ wé okùn ẹ̀yìn mọ́ òpó tàbí mọ́ ọwọ́n géètì, kódà bí ọba gan-an bá ń kọjá, àpótí kò ní bá mi kí i. Mo ṣe imú tuntun sí bàtà tó fọ́, ó sì ń ṣiṣẹ́ títí dòní. Mo sì máa ń rán ṣòkòtò iṣẹ́ mi lẹ́ẹ̀mejì.

Ọjọ́ tí àwọn ará ilé mi ti Èkìtì wá, yàrá kún. Ìyá ti gbé sobo tútù fún gbogbo èèyàn láti inú fíríìjì. Wọ́n ní kí ọkọ ìyàwó bọ́ síwájú kó wá kí àwọn àna rẹ̀. Mo bọ́ síwájú, mo ti fẹ́ lọ sílẹ̀, ni Alájì bá gbé ọwọ́ sókè pé kí gbogbo èèyàn dákẹ́.

“Ẹ dúró ná,” ni wọ́n wí. “Kó tó dọ̀bálẹ̀, ẹ bá mi wo ọwọ́ ẹ̀ dáadáa. Ṣé kò sí okùn níbẹ̀?”

Mo la àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì hàn wọ́n, mo sì dọ̀bálẹ̀. Ilẹ̀ ni ojú mi wà, kò sẹ́ni tó rí i pé èmi náà ń rẹ́rìn-ín.