Ẹ Ṣeun Àná, Auntie Phoebe

Àárọ̀ Sátidé ni, ní Thamesmead, nílùú London. Ìyá Ṣọlápé, tó ti Ìbàdàn wá bá wọn tọ́jú ọmọ, ti wé gèlè, ó fa àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀, Tamílọ́rẹ àti Káyọ̀, lọ́wọ́, ó fẹ́ jáde. Ṣọlápé, nọ́ọ̀sì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi iṣẹ́ dé, fẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn, kò kúrò. Kẹ̀kẹ́ ọmọdé tí Auntie Phoebe, ìyá arúgbó òyìnbó ilé kejì, fún wọn lánàá dábùú ọ̀nà láàárín wọn.

ṢỌLÁPÉ: Mummy, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ò lọ síbì kankan lónìí.

MUMMY: Mò ń lọ dúpẹ́ kẹ̀kẹ́ ni. Yà lọ́nà.

ṢỌLÁPÉ: Ẹ ti dúpẹ́ lánàá! Gbogbo street ló gbọ́!

MUMMY: Ti ojú ẹsẹ̀ nìyẹn. Ti àárọ̀ ọjọ́ kejì ńkọ́?

ṢỌLÁPÉ: Níbí, ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n ń dúpẹ́. Thank you, ó parí.

MUMMY: Ẹ̀ẹ̀kan? Bí ẹni ń lé adìẹ?

ṢỌLÁPÉ: Mummy, bisikíìtì lásán ni Auntie Phoebe kọ́kọ́ fún Tamí. Ẹ kó àwọn ọmọ lọ kúnlẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó rò pé ebi ṣì ń pa wọ́n, ó fún wọn ní kéèkì. Ẹ lọ dúpẹ́ kéèkì, ó gbé bọ́ọ̀lù jáde. Ẹ dúpẹ́ bọ́ọ̀lù, ó gbé àga. Ẹ dúpẹ́ àga, kẹ̀kẹ́ dé!

MUMMY: Àwọn àgbà kúkú ti sọ ọ́. Bí ọmọdé bá dúpẹ́ oore àná, á rí òmíràn gbà.

ṢỌLÁPÉ: Òmíràn yẹn gan-an ni wàhálà mi! Ilé wa ń kún, ilé tiẹ̀ ń ṣófo. Ó máa rò pé alágbe ni wá. Ojú ń tì mí.

MUMMY: Kí àwọn ọmọ yìí tó bẹ̀rẹ̀, ta ló ń kan ilẹ̀kùn ìyá arúgbó yẹn? Ó ti ń kun ètè dè wá báyìí. Ìwọ ló yẹ kójú tì. Ta ló wẹ àwọn ọmọ yìí lánàá?

ṢỌLÁPÉ: Daddy wọn.

MUMMY: O ti dúpẹ́?

ṢỌLÁPÉ: Ṣebí ọmọ tiẹ̀ náà ni?

MUMMY: Mo ní, o ti dúpẹ́?

ṢỌLÁPÉ: (ó kígbe sókè) Daddy Tamí! Ẹ ṣeun àná o!

Láìpẹ́, wọ́n gbọ́ hoover, ẹ̀rọ ìgbálẹ̀, tó ń dún lókè. Isaac, ọkọ Ṣọlápé, ò fọwọ́ kàn án rí látọjọ́ tí wọ́n ti rà á.

MUMMY: Òmíràn nìyẹn.

Ṣọlápé bú sẹ́rìn-ín. Inú rẹ̀ dùn débi pé kò lè fi pamọ́.

ṢỌLÁPÉ: Ó dáa, tiyín yé mi. Àmọ́ mo ti parí ti Auntie Phoebe. Mo bu jollof kún cooler fún un lánàá. Ó fún wa, àwa náà fún un. Ó tán.

Bẹ́ẹ̀lì dún. Ṣọlápé ṣílẹ̀kùn. Auntie Phoebe ló fi eékún méjèèjì kúnlẹ̀ níta, bí Tamílọ́rẹ ṣe máa ń ṣe é gẹ́lẹ́, ó ń fi imú pe, “Ẹ ṣeun àná o!”

ṢỌLÁPÉ: Yéè! Orúnkún tí dókítà ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀ fún un! Mummy, ẹ bá mi gbé e dìde!

MUMMY: Ọmọ gidi! Ẹ̀kọ́ wọ̀ ọ́. Ṣọlápé, gbé kẹ̀kẹ́ yẹn fún un.

ṢỌLÁPÉ: Mummy, òun ló ni kẹ̀kẹ́!

MUMMY: Gbé e fún un jàre. Lọ́la, òun ló máa wá dúpẹ́, kí èmi náà lè sùn láàárọ̀.