Ihò Ìràwọ̀ Lára Kóòtù Lukich

Kí ìjọba tó fún Innokentii Lukich ní ìràwọ̀ wúrà, àmì ẹ̀yẹ akọni, ó ti lu ihò rẹ̀ sí àyà kóòtù. Ihò kan ṣoṣo, lápá òsì. Ó fi òwú pupa rán etí rẹ̀ yípo. Ìràwọ̀ nìkan ló kù.

Ọdún kẹrin lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì ni. Lukich ni igbákejì ọ̀gá níléeṣẹ́ tó ń ṣe bàálù ogun tuntun, èyí tó ní réédà, ẹ̀rọ tó ń rí ọ̀nà jíjìn, nímú, tí yóò máa ṣọdẹ ọ̀tá nínú kùrukùru àti yìnyín. Kò mọ bí réédà ṣe ń ṣiṣẹ́. Àwọn òṣìṣẹ́ sọ ọ́ ní A-rí-Amẹ́ríkà-má-rí-bàtà-ara-ẹ̀. Ìdajì àkọ́kọ́ nìkan ló gbọ́. Inú rẹ̀ dùn.

Ohun tó mọ̀ dájú ni ibi tí sípírítì, ògidì ọtí líle, wà. Réédà a máa gbóná bí ààrò. Sípírítì ni wọ́n fi ń tù ú, òun náà ló ń fọ yìnyín kúrò lójú gíláàsì awakọ̀. Ogójì lítà ni àgbá inú bàálù ń gbà. Ní gbogbo oṣù Kejìlá, Lukich ń fi ìgò gbé e lọ bá àwọn tó ń pín ìràwọ̀ ní Mọ́sìkò. Òun náà ń tọ́ ọ wò, kó má baà jẹ́ ayédèrú. Omi ló fi ń dí àlàfo.

Faina, mẹkáníìkì réédà, ti ìka bọ ẹnu àgbá, ó lá a.

"Ọ̀gá Lukich, omi nìyí o."

"Ọmọ mi, inú omi lẹja ń gbé. Ṣé ó kú?"

"Ẹja kì í fò. Gleb ló máa wa bàálù yìí wọ inú yìnyín. Tómi bá dì, réédà á fọ́jú, gíláàsì á fọ́jú. Ibo ló máa bà sí?"

"Orí ilẹ̀ ni. Kò sí bàálù tí kì í padà wálẹ̀." Ó rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà tán lójú rẹ̀. "Ẹni tó bá bú iṣẹ́ ìjọba, ọ̀tá ìjọba ni. Igi pọ̀ ní Saibéríà, Faina. Àwọn ẹlẹ́wọ̀n tó ń gé e ni ò tó."

Faina dé ẹnu àgbá padà.

Lọ́jọ́ àyẹ̀wò, òtútù ń gé etí. Láti òwúrọ̀ ni wọ́n ti wọ́ bàálù síta. Ọ̀gágun Burmistrov dúró pẹ̀lú ìgbìmọ̀ rẹ̀. Gleb ti gun àkàbà, ó ń so okùn àṣíborí. Lukich gun orí àpótí.

"Kọ́mréèdì Ọ̀gágun! Ìkùukùu ò lè bo ìkà mọ́! Ọwọ́ èmi fúnra mi ni mo fi rọ sípírítì sínú bàálù yìí, kò lé, kò dín!"

Faina wo Gleb. Ó fa ife irin yọ lápò, ó rìn síwájú.

"Kọ́mréèdì Ọ̀gágun, ẹ má bínú. Bí bàálù bá bà, àwa mẹkáníìkì la máa ń mu ìṣẹ́kù àgbá. Àṣà wa ni. Lónìí, ẹ jẹ́ kẹ́ni tó rọ ọ́ kọ́kọ́ mu ún, ká fi kí i kú iṣẹ́."

Àwọn ìgbìmọ̀ sún mọ́ tòsí. Òtútù ti mú wọn tipẹ́.

"Ọmọ yìí gbọ́n," ni Ọ̀gágun wí. "Bù ú fún un."

"Ẹ̀dọ̀ mi ni... dókítà ní kí n má..."

"Dókítà wo?" Gleb ló ké láti orí àkàbà. "Èyí tí ẹ jọ mu ún lánàá?"

Faina ṣí ẹ̀rọ ẹnu àgbá sórí ife. Kò sí nǹkan. Ó fi ọwọ́ gbá a. Kò sí nǹkan. Ó fi sípánà lù ú. Ègé yìnyín kan já bọ́ sínú ife: kọ́ọ́.

Ọmọ ọwọ́ ibẹ̀ pàápàá mọ̀ pé sípírítì kì í dì.

Ọ̀gágun wo inú ife. Ó wo Gleb lókè. "Sọ̀ kalẹ̀, ọmọ." Ó na ife sí Lukich. "Ìwọ lo fọwọ́ ara rẹ rọ ọ́. Mu ún."

"Kọ́mréèdì Ọ̀gágun, kò... kò ṣeé mu."

"Jẹ ẹ́, nígbà náà."

Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ní í ru igbá rẹ̀ délé. Lukich kò tilẹ̀ rí ilé rù ú dé. Ìgbìmọ̀ dúró, mẹkáníìkì dúró, Gleb tó ti délẹ̀ dúró, wọ́n ń gbọ́ bó ṣe ń rún un: wóró, wóró.

Èérún yìnyín kan fò wá láti ojú ọ̀run, ó bà sẹ́nu ihò àyà kóòtù rẹ̀, funfun, onígun mẹ́fà. Kò yọ́.

"Ọ̀gá," ni Faina wí, "ìràwọ̀ yín dé."