Sányán Tí Tíṣà Fẹ́ Kí Ó Jí

Ní ọdún kejì tí rélùwéè dé Ìbàdàn, ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí Àjíǹde ku ọ̀la, Tíṣà Oyèdélé yà sí ilé Ìyá Gàfárù, aranwú sányán ní Bẹyẹrunka. Ó fẹ́ gba ilé kòkòrò sányán mẹ́ta tí ó fi pamọ́ síbẹ̀ nítorí eku. Nígbà tí ó gbé wọn wá, kò sọ ohun tí ó fẹ́ fi wọ́n ṣe. Ó ti ṣèlérí fún ìjọ pé lọ́la, lójú pásítọ̀, ohun tí ó dàbí òkú yóò jáde láàyè.

Ìyá náà ń ro ìkòkò omi eérú.

"Ẹ kú iṣẹ́, Ìyá. Àwọn kòkòrò mi ńkọ́?"

"Wọ́n ti jinná, ọmọ mi."

"Ẹ sè wọ́n?"

"Bí a kò bá sè é, ṣé ó ṣeé ran ni?"

"Èmi kò ní kí ẹ ran án. Mo fẹ́ kí ó jí."

"Èyí tí ó bá jí a máa lu ilé jáde, òwú a sì já. Ta ni yóò wọ irú aṣọ bẹ́ẹ̀?"

Tíṣà fara balẹ̀ ṣàlàyé bí ìwé ti wí: bí wọ́n ti ń jẹ ewé igi ìrà lọ́wọ̀ọ́wọ́, bí wọ́n ti ń para pọ̀ hun ilé kan, tí wọ́n sì ń hu ìyẹ́ nínú rẹ̀. Ìyá béèrè bóyá ìwé sọ pé irun wọn ń yúnni. Ìwé kò sọ ọ́. Láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun tí ó ti ká wọn ni Tíṣà ti ń họ abíyá.

"Àwọn tí ó wà nínú ilé náà ńkọ́?" Tíṣà béèrè.

Ìyá nawọ́ sí àwo. Ó ti fi ata àti iyọ̀ dín wọn. "Ó ṣẹ́ kù díẹ̀. Tọ́ ọ wò."

"Mo wà nínú ààwẹ̀, Ìyá."

Ìyá wá rántí pé ìkòkò kò gba ẹ̀kẹta. Ó ń bẹ lára àjà. Tíṣà gbójú sókè. Ilé náà ti lu, àwọn yòókù ti fò lọ. Àfòpiná ńlá tí ó gbẹ̀yìn, funfun, ilà dúdú lápá, gbọn ara rẹ̀, ó fò gba ẹnu ọ̀nà jáde, ó kọrí sí òkè Màpó.

Tíṣà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. "Ọ̀la ni mo pe ìjọ. Kí ni n ó fi hàn wọ́n?"

Ìyá Gàfárù já ilé òfìfo náà sílẹ̀, ó gbé e lé e lọ́wọ́.

"Ní èṣí, mo gbọ́ ìwàásù Àjíǹde rẹ láti ẹ̀yìn ògiri ṣọ́ọ̀ṣì. Nígbà tí àwọn obìnrin wọ̀nyẹn dé ibojì láàárọ̀, ṣé wọ́n bá òkú níbẹ̀?"