Àpótí Ọ̀gá Ìfọ̀kànbalẹ̀

Ọ̀gá Ìfọ̀kànbalẹ̀ fẹ́ràn ìdákẹ́jẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tó fi ń fi ẹ̀rọ gbohùngbohùn kéde rẹ̀. Òun ni Apafóònù-má-wẹ̀yìn, òun ni Baba Ẹ-Dijú. Ohun kan ṣoṣo ló ń jẹ ẹ́ lọ́kàn: ẹgbẹ̀rún èèyàn kò tíì wò ó lẹ́ẹ̀kan náà rí lórí ìkànnì rẹ̀. Ó dùn ún ju akokoro lọ.

Ẹni tó bá fẹ́ wọ kíláàsì ìsinmi rẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tan aago ìkànnì náà, kí fóònù ẹni náà lè máa dún nígbàkígbà tí Ọ̀gá bá ti bọ́ síbẹ̀. Òfin ni.

Láàárọ̀ Sátidé, ogójì èèyàn kó fóònù sínú àpótí onígi. Ọ̀gá tì í, ó sì gbé kọ́kọ́rọ́ kọ́rùn.

"Tiyín ńkọ́, Ọ̀gá?" Ìyá Aránṣọ ló béèrè. Nítorí pé fóònù kì í kúrò lójú rẹ̀, ó ti rán ẹsẹ̀ ṣòkòtò mọ́ ọrùn ẹ̀wù oníbàárà. Ìfọ̀kànbalẹ̀ ni òun wá gbà lóòótọ́.

"Tèmi? Mo ti jù ú sódò láti ọdún mẹ́ta. Ẹja ló ń lò ó. Ó yá, ẹ dijú."

Bí wọ́n ṣe dijú, Ọ̀gá yọ́ bọ́ sẹ́yìn kọ́tìnnì. Ó fa fóònù yọ lábẹ́ fìlà, ó yọ ojú fóònù náà síta lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ́tìnnì, ó sì bọ́ sórí ìkànnì.

"Ẹ wo àwọn tí mo gbà là," ló ń sọ wúyẹ́wúyẹ́. "Ìyá tó wà níwájú yẹn, òun àti fóònù ló jọ ń wẹ̀ tẹ́lẹ̀."

Ọjọ́ gbogbo ni tolè, ọjọ́ kan ni tolóhun. Ogójì aago dún pọ̀ nínú àpótí.

Káfíńtà tó kan àpótí náà wà níjókòó. Ó fa ìṣó méjì yọ lẹ́yìn àpótí, kálukú mú fóònù tirẹ̀, ó sì ṣí ìkànnì náà. Ìyá Aránṣọ tan tirẹ̀, ó rí ara rẹ̀ níbẹ̀, ó sì gbọ́ ọ̀rọ̀ ìwẹ̀ tí Ọ̀gá tún ń sọ. Ó dìde, ó fa kọ́tìnnì.

"Ọ̀gá, ṣé ẹja ti dá a padà ni?"

Ẹ̀rín bo gbọ̀ngàn. Káfíńtà na àpótí sí Ọ̀gá. "Ẹ fi tiyín náà síbẹ̀, sà."

Ọ̀gá fẹ́ fi í síbẹ̀, àmọ́ ó tajú kán rí iye àwọn tó ń wò ó. Ìròyìn ìtìjú ti tàn, èrò ti ya bo ìkànnì.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣe sùúrù," ló wí. "Ó ku èèyàn mẹ́rin kó pé ẹgbẹ̀rún."

Ìyá Aránṣọ wò ó títí. Ó pa fóònù rẹ̀, ó sì dá a padà sínú àpótí. Ó di márùn-ún tó kù. Káfíńtà pa tirẹ̀, ó di mẹ́fà. Gbogbo ogójì ń pa á lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń rẹ́rìn-ín bọ́ síta lọ jókòó sínú oòrùn. Ọjọ́ ti pẹ́ tí Ìyá Aránṣọ ti rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀ gbẹ̀yìn.

Baba Ẹ-Dijú kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, lójú gbogbo ayé, fóònù lọ́wọ́. "Ẹ tan fóònù yín," ló ń bẹ̀ wọ́n. "Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ lajú, ẹ wò mí."

Kò sẹ́ni tó wò ó. Ẹ̀kọ́ ti wọ̀ wọ́n létí.