Ìwé Ìrìnnà Tó Wà Nídìí Lárus

Ní pápákọ̀ òfurufú Toronto, lọ́sàn-án ọjọ́ Ẹtì kan nínú oṣù Kẹsàn-án, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò kan láti ìlú Gimli ní Kánádà jókòó síwájú ẹnu ọ̀nà tí wọn yóò gbà wọ bàálù lọ sí Iceland. Lárus, ẹ̀gbọ́n, ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin, fi ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ṣe ọ̀gá ilé ìfìwéránṣẹ́ kó tó fẹ̀yìn tì, kò sì sí ohun tó jẹ mọ́ ìwé láyé yìí tí kò mọ̀, ẹ ṣáà bi í. Stína, àbúrò rẹ̀, tó ń sin tòlótòló, kò wọ bàálù rí títí di àárọ̀ ọjọ́ náà. Èyí tí wọ́n wọ̀ wá láti Winnipeg ti dí i létí ọ̀tún, etí náà kò sì tíì là.

"Stína, níbo ni ìwé ìrìnnà rẹ wà?"

Ìgbà kẹrin nìyẹn láti àárọ̀. Stína ṣí àpamọ́wọ́ rẹ̀, ó fa ọ̀rá búrẹ́dì kan yọ.

"Ó wà ńbí, bọ̀ọ̀dá. Kò tíì lọ síbì kankan. Èmi náà kò tíì lọ síbì kankan."

"Inú ọ̀rá búrẹ́dì!"

"Búrẹ́dì ti tán nínú ẹ̀. Ẹja gbígbẹ ló kù."

Lárus gbé imú sún mọ́ ọ̀rá náà, ó sì yára gbé e kúrò. "O fi ìwé ìjọba Kánádà sáàárín ẹja?"

"Ẹ má bínú sí ẹja, ó ń bá wa ṣọ́ ọ ni. Ta ló fẹ́ jí ìwé tó ń rùn báyìí?"

"Ìwọ ò mọ àwọn olè pápákọ̀. Wọ́n lè bọ́ ìbọ̀sẹ̀ lẹ́sẹ̀ rẹ kí bàtà má mọ̀."

"Ẹ ò rí i! Inú ìbọ̀sẹ̀ yẹn náà lẹ ní kí n fi í sí lọ́sẹ̀ tó kọjá."

"Èrò ti lọ síwájú láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá." Lárus na ẹ̀yìn rẹ̀, bó ṣe máa ń nà án nígbà tó bá fẹ́ ṣàlàyé iye tí lẹ́tà gbọ́dọ̀ wọ̀n. "Gbọ́ bí àgbàlagbà ṣe ń rìnrìn àjò. Àkọ́kọ́, kí n tó kúrò nílé, mo ti ṣe ẹ̀dà mẹ́ta."

Stína kọ etí òsì sí i. "Ẹ ṣe ẹ̀dá mẹ́ta? Lọ́jọ́ orí yín yìí? Ta ni ìyá wọn?"

"Ẹ̀dà! Ẹ̀dà ìwé ìrìnnà! Ọ̀kan wà nínú àpótí ẹrù mi tí wọ́n ti kó lọ sínú bàálù."

"Ẹ ti ọmọ ọlọ́mọ mọ́nú àpótí! Ṣé ó ń rí afẹ́fẹ́?"

Ká sọ òótọ́, ọ̀rọ̀ náà ti yé Stína nígbà kejì, àmọ́ eré ti dùn mọ́ ọn lẹ́nu.

"Ìkejì wà nílé," Lárus ń bá tirẹ̀ lọ, "nínú fìríìsà, lábẹ́ àwọn ẹja."

"Áà. Lábẹ́ ẹja."

"Tèmi yìnyín bò ó! Kò rùn! Ìkẹta wà lọ́wọ́ lọ́yà."

"Ẹ kú iṣẹ́ ńlá. Òtútù ń mú ọ̀kan, òkùnkùn bo ọ̀kan, ọ̀kan wà lọ́dọ̀ lọ́yà. Ìwé ìrìnnà gan-an ńkọ́?"

Lárus wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ìyá kan ń fún ọmọ rẹ̀ ní wàrà lódìkejì. Ọkùnrin kan ń hanrun. Nígbà tó rí i pé àwọn olè wọ̀nyí kò fura, ó rẹ ohùn sílẹ̀.

"Ó wà nídìí mi."

"Kí nìdí?"

"Ìdí ni mo wí!"

"Mo gbọ́ pé ẹ nídìí. Mo ń bi yín pé kí ni ìdí ọ̀hún."

"Ìdí! Ibi tí mo fi jókòó!"

Ọkùnrin tó ń hanrun jí. Ìyá ọlọ́mọ gbé ọmọ rẹ̀, ó sún sórí àga kejì.

"Ẹ ṣeun tí ẹ sọ ọ́ ní kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́," ni Stína wí. "Ẹ jókòó lé orílẹ̀-èdè Kánádà lórí látàárọ̀, tí ẹ sì ń bínú sí ọ̀rá mi."

"Àpò pẹlẹbẹ ni. Ó ní okùn tí wọ́n ń so mọ́ ìbàdí. Inú ilé ìgbọ̀nsẹ̀ pápákọ̀ ní Winnipeg ni mo ti so ó mọ́ra, lẹ́yìn tí wọ́n yẹ̀ wá wò tán. Ẹ̀yìn ni mo kọ ọ́ sí, torí iwájú làwọn olè máa ń fọwọ́ bà. Ọ̀bẹ ò lè gé aṣọ ẹ̀. Àgádágodo onínọ́ńbà ló ti ẹnu ẹ̀ pa."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Tí òṣìṣẹ́ bá wá ní kí ẹ mú un jáde ńkọ́?"

"Wọ́n ti yẹ̀ ẹ́ wò ní Winnipeg, Stína. Wọn kì í béèrè lẹ́ẹ̀mejì. Mo mọ bí iṣẹ́ ìjọba ṣe ń lọ."

Kò tíì pa ẹnu dé nígbà tí obìnrin òṣìṣẹ́ tó wà lẹ́nu ọ̀nà gbé gbohùngbohùn sẹ́nu. Ó sọ̀rọ̀ díẹ̀, àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í dìde, wọ́n ń tò.

"Kí ló wí?" Stína bi í.

"Ó ní ọkọ̀ ti ṣe tán."

"Ọkọ ta?"

"Ọkọ̀, Stína! Ọkọ̀ tó ń fò!"

"Irú ẹ̀ ni mo fẹ́ níjọ́sí. Ó fò lọ sí Alberta, kò bà mọ́." Stína ti gbé àpamọ́wọ́ kọ́ èjìká. "Ṣé ohun tó sọ kò ju bẹ́ẹ̀ lọ? Ọ̀rọ̀ rẹ̀ gùn ju bẹ́ẹ̀ lọ."

Ohùn Lárus ti tín-ín-rín. "Ó ní... kí oníkálukú mú ìwé ìrìnnà dání. Kó ṣí i síbi tí àwòrán wà."

Stína kò rẹ́rìn-ín. Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín débi pé etí tó dí fẹ́ẹ̀ là, àmọ́ ó gbé e mì.

"Ẹ má dààmú," ló sọ. "Ibi tí àwòrán yín wà, gbogbo èèyàn ló máa rí i."

Lárus dìde. Ó ti ọwọ́ bọ ẹ̀yìn kóòtù, ó wá a títí, ó sì mú àgádágodo náà. Ó gbìyànjú láti fa àpò náà yípo wá síwájú. Láàárọ̀, ó rọrùn. Ṣùgbọ́n lọ́sàn-án yẹn ó ti jẹ àwo ọ̀dùnkún díndín kan, ó sì jẹ ìdajì ti Stína mọ́ ọn, torí ó ní èèyàn kì í dá oúnjẹ padà ní pápákọ̀. Okùn náà ti fún mọ́ ọn nínú, kò sún síwájú, kò sún sẹ́yìn. Ló bá ń yí nọ́ńbà láìrí i. Ó yí i, ó fà á. Ó tún yí i. Ó wá ń yípo lójú kan bí ajá tó ń wá ìrù rẹ̀.

"Nọ́ńbà mélòó ló gbà, bọ̀ọ̀dá?"

"Mẹ́ta."

"Ẹ pè é kí n bá yín yí i."

"Rárá."

"Báwo ni ti rárá ṣe jẹ́?"

"Nọ́ńbà àṣírí ni."

"Àbúrò yín ni mí. Ọmú kan náà la jọ mu."

"Olè wo ni ò ní ẹ̀gbọ́n?"

Stína wò ó láti òkè dé ilẹ̀. "Ó dáa. Ẹ jẹ́ kí olè yín gbìyànjú. Ṣé ọjọ́ ìbí yín ni?"

"Ibẹ̀ ni wọ́n ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Ṣé òmùgọ̀ ni mí?"

"Mi ò tíì dáhùn ìyẹn. Ṣé nọ́ńbà ilé yín ni?"

"Rárá."

"Ṣé iye ìgbà tí ẹ ti bi mí léèrè ìwé ìrìnnà mi ni? Rárá, ẹ ní nọ́ńbà mẹ́ta péré ló gbà."

Ìlà ń kúrú. Ìyá ọlọ́mọ ti kọjá. Ọkùnrin tó ń hanrun ti kọjá, ìwé ìrìnnà rẹ̀ sì ti inú àpò àyà ṣẹ́ẹ̀tì jáde wẹ́rẹ́ bí ẹni pé kò sí olè kankan láyé. Èèyàn bí ogún ló kù. Òṣìṣẹ́ náà tún gbé gbohùngbohùn, ó ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré ló kù kí wọ́n ti ilẹ̀kùn.

Àwàdà kúrò lójú Stína. Lọ́la ni Àǹtí Halldóra yóò pé ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rùn-ún ní ìlú Akureyri ní Iceland. Òun ni àbúrò bàbá wọn tó kù láyé, bẹ́ẹ̀ ni kò sì rí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mọ́ láti ọjọ́ tí bàbá wọn ti wọ ọkọ̀ ojú omi wá sí Kánádà. Nínú oṣù Kẹfà ló ránṣẹ́ pé: ẹ wá, kí n rí ojú ẹ̀gbọ́n mi lójú yín. Ojú Lárus ló sì jọ ti bàbá wọn. Ti Stína jọ ti ìyá.

"Bọ̀ọ̀dá, mò ń lọ o," ló wí. "Ẹ kàn jẹ́ kí n mọ ohun tí mo máa sọ fún Àǹtí. Ṣé kí n ní ìdí kan ni kò jẹ́ kí ẹ wá, àbí kí n kúkú ní ìdí yín ni?"

Lárus wo ẹnu ọ̀nà. Ó wo àbúrò rẹ̀. Ó kẹ̀yìn sí i.

"Kúnlẹ̀ sẹ́yìn mi."

Stína kúnlẹ̀ sórí kápẹ́ẹ̀tì pápákọ̀, ó ká kóòtù sókè, ó ká súwẹ́tà, ó ká ẹ̀wù tó wà lábẹ́ súwẹ́tà, ó ká àwọ̀tẹ́lẹ̀. "Ẹ̀yin ló yẹ kí wọ́n fi sínú fìríìsà yẹn. Ooru ibí yìí pọ̀. Ẹ pè é."

"Mẹ́ta," ni Lárus wí, bí ẹni tó wà níbi ìsìnkú.

"Ẹ pè é sókè, etí mi dí!"

"Mẹ́ta!"

"Ó kàn."

"Ọ̀kan."

"Ó kàn."

Lárus yíjú síwájú. Èèyàn méje ló kù lórí ìlà.

"Bọ̀ọ̀dá!"

"Méje," ló sọ sínú irùngbọ̀n rẹ̀.

Àgádágodo náà dún kó, ó ṣí. Stína kò fa nǹkan kan yọ. Ó ń wo nọ́ńbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ogún ọdún ló ti fi ń ṣí àpótí lẹ́tà tirẹ̀ ní ilé ìfìwéránṣẹ́ Gimli, nọ́ńbà ọ̀ọ́dúnrún ó lé méjìdínlógún, ó sì mọ ẹni tó ni èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, torí wọ́n jọ máa ń forí gbárí níbẹ̀.

"Ọ̀ọ́dúnrún ó lé mẹ́tàdínlógún," ló rọra wí. "Bọ̀ọ̀dá, nọ́ńbà àpótí Ingunn Bardal kọ́ nìyí?"

"Nọ́ńbà lásán ni."

"Opó tó ń hun ìbọ̀wọ́ yẹn. Tó rẹwà yẹn."

"Mo ní nọ́ńbà lásán ni! Dìde, àwọn èèyàn ń wò wá."

"Wọ́n ti ń wò wá tipẹ́. Èmi ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rí nǹkan."

Stína yọ ìwé ìrìnnà àti ìwé ìwọkọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jáde, ó fi kóòtù bò ó padà bí ẹni bo oúnjẹ. Àwọn méjèèjì ló kẹ́yìn ìlà. Òṣìṣẹ́ gba ìwé Stína, ó gbóòórùn rẹ̀, ó yára dá a padà. Ó gba ti Lárus, ó rí i pé ó gbóná, ó tún yára dá a padà. Wọ́n kọjá.

Nínú ọ̀nà tóóró tó lọ sí ẹnu bàálù, Lárus mú ìwé rẹ̀ lọ́wọ́, ní gbangba. Kò rántí olè mọ́. Etí rẹ̀ méjèèjì pọ́n. Stína ń rìn lẹ́yìn rẹ̀, kò sọ nǹkan kan, ìyẹn sì ni kò jẹ́ kí ara tu Lárus rárá.

Níkẹyìn ó dúró. "Stína, má sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo bẹ̀ ọ́. Obìnrin náà ò tiẹ̀ mọ̀ pé mo wà láyé. Ọdún mọ́kànlá ló fi ń wá síwájú mi ní gbogbo ọjọ́ Ajé lẹ́yìn tí ọkọ ẹ̀ kú, ohun tó sì máa ń sọ kò ju 'Ẹ fún mi ní sítáǹpù kan' lọ. Mo máa fún un. Ó máa dúpẹ́. Ó máa lọ. Ṣé ìyẹn náà lọ̀rọ̀?"

Stína wo ọkùnrin tí kò sí ohun tí kò mọ̀ nípa ìwé láyé yìí.

"Bọ̀ọ̀dá," ló wí, "mo ti wọ ilé obìnrin yẹn. Dúróà mẹ́ta ló kún fún sítáǹpù títí dẹ́nu, bẹ́ẹ̀ ni kò ní ẹnì kan ṣoṣo tó ń kọ lẹ́tà sí. Kí lẹ rò pé ó ń wá rà?"